Ọ̀gá, Kí Lẹ Fẹ́ Gbé Sílẹ̀?

Lọ́dọọdún, tó bá ti di Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú Àjíǹde, ọ̀pọ̀ ìjọ ló máa ń ṣe ìsìn ìwẹsẹ̀. Wọ́n á gbé abọ́ omi síta, táwẹ́ẹ̀lì funfun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, àlùfáà á bẹ̀rẹ̀, á wẹ ẹsẹ̀ àwọn tí wọ́n ti yàn tẹ́lẹ̀, àwọn yẹn náà á sì ti wẹ̀, wọ́n á ti fi ìpara pa ẹsẹ̀ kí wọ́n tó kúrò nílé. Mi ò bú ìsìn yìí o. Mo fẹ́ràn ẹ̀, omi máa ń lé sí mi lójú nígbà míì. Àmọ́ nínú Jòhánù orí 13 tí ìsìn yẹn ti wá, gbólóhùn kékeré kan wà tó ṣáájú omi àti abọ́, òun ló máa ń dá mi dúró: Jésù dìde nídìí oúnjẹ, ó bọ́ aṣọ ẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kó tó wá mú aṣọ ìnura di àmùrè. Ó kọ́kọ́ gbé nǹkan sílẹ̀ ná. Àwa tí a ń sọ̀rọ̀ aṣíwájú tó ń sìn, ibi omi la ti máa ń bẹ̀rẹ̀, a ti fo aṣọ kọjá.

Lọ́dún 2013, ọ̀sẹ̀ bíi méjì péré lẹ́yìn tí wọ́n yan Póòpù Francis, ó fi ṣọ́ọ̀ṣì ńlá sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ó lọ ṣe ìsìn ìwẹsẹ̀ ní ọgbà ẹ̀wọ̀n àwọn ọ̀dọ́ ní Róòmù, Casal del Marmo lorúkọ ibẹ̀. Ó wẹ ẹsẹ̀ àwọn 12, obìnrin wà nínú wọn, Mùsùlùmí wà nínú wọn. Èmi kì í ṣe Àgùdà, ṣùgbọ́n mo rò ó títí nígbà yẹn, torí ohun tó ṣe yẹn bẹ̀rẹ̀ látibi tó kọ̀ láti lò, àga tó wà fún un, ibi tí gbogbo ayé ti mọ̀ pé ibẹ̀ ló yẹ kó wà.

Aránṣọ ni mí n'Íbàdàn. Mo ní ọmọ iṣẹ́, mo sì ń darí ẹgbẹ́ obìnrin nínú ìjọ wa, torí náà láti Mọ́ńdè dé Sátidé wọ́n ń pè mí ní ọ̀gá, ọjọ́ Sọ́ńdè wọ́n ń pè mí ní ààrẹ, inú oyè ni mo wà ṣáá. Ohun tí mo fẹ́ sọ ò le rárá: ẹni tó bá fẹ́ jẹ́ ọ̀gá bí i ti Jésù, kó kọ́kọ́ wo ohun tí ipò ẹ̀ fún un lẹ́tọ̀ọ́ láti gbà, kó wo èyí tó ń wọ àwọn tó wà lábẹ́ ẹ̀ lọ́rùn, kó gbé e sílẹ̀. Ẹ̀tọ́ ni mo pè é o, mi ò pè é ní ìwà ìkà. Ìwà ìkà, gbogbo wa la mọ̀ pé kò dáa. Ẹ̀tọ́ ló ṣòroó gbé sílẹ̀, torí kò sẹ́ni tó máa bú ẹ tó o bá gbà á.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kò kàwé púpọ̀. Lásìkò Kérésì kan báyìí, tí aṣọ ẹbí ti kún ṣọ́ọ̀bù débi tí a ò ríbi fẹsẹ̀ sí, ọ̀kan nínú àwa ọmọ iṣẹ́ gbé áyọ́ọ̀nù tó ti gbóná jù lé léèsì kọ́tọ́mà, ó jó. Léèsì gidi ni, ti obìnrin kan tó fẹ́ ṣe ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀. Gbogbo wa dákẹ́ lọ́ọ́lọ́ọ́, ọmọ yẹn ń gbọ̀n. Nígbà tí obìnrin náà dé, ariwo ló bẹ̀rẹ̀, ta ló ba aṣọ òun jẹ́, kí wọ́n mú un jáde kóun rí i, ọ̀gá mi tó dájú pé ó ju obìnrin yẹn lọ lọ́jọ́ orí kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú mà, inú ṣọ́ọ̀bù mi ló ti jó, èmi ni kẹ́ ẹ bínú sí." Kò purọ́ pé òun lòun lọ̀ ọ́, kò sì dárúkọ ẹnikẹ́ni. Owó ara ẹ̀ ló fi ra léèsì míì, ó sì sun ṣọ́ọ̀bù kó lè rán an tán. Nígbà tí kọ́tọ́mà ti lọ tí ara ti rọ̀ ló tó pe ọmọ náà jókòó, ó mú ibi tó jó lára léèsì yẹn, ó fi kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kọ́kọ́ dán ooru áyọ́ọ̀nù wò lára àjákù aṣọ. Ṣọ́ọ̀bù míì, wọn ì bá ti ránṣẹ́ sí ìyá àti bàbá ẹ̀ kí wọ́n wá san owó léèsì, ọmọ yẹn ì bá sì fi bẹ́ẹ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ torí níbo ni wọ́n ti fẹ́ rówó. Ẹ̀tọ́ ọ̀gá ni láti gba owó yẹn. Ó gbé e sílẹ̀. Ọmọ yẹn ti ní ṣọ́ọ̀bù tiẹ̀ báyìí, ó lọ́mọ iṣẹ́.

Ìgbà tí mo wá ka Nehemáyà orí 5 dáadáa ni mo rí i pé ohun tó ṣe yẹn wà nínú Bíbélì. Ìdí ògiri tó mọ la máa ń wàásù nípa Nehemáyà, a kì í dé ìdí oúnjẹ. Ọdún 12 ló fi ṣe gómìnà ní Júdà, ó sì ní nínú gbogbo ọdún yẹn, òun àtàwọn arákùnrin òun ò jẹ oúnjẹ gómìnà. Oúnjẹ yẹn, ẹ̀tọ́ ẹ̀ ni o! Àwọn gómìnà tó wà níbẹ̀ ṣáájú ẹ̀ ń gba oúnjẹ àti wáìnì lọ́wọ́ aráàlú, wọ́n tún ń gba ṣékélì fàdákà 40 lé e, kódà àwọn ìránṣẹ́ wọn ń jẹ gàba lórí àwọn èèyàn. Òun, màlúù kan àti àgùntàn mẹ́fà ló ń pa lójúmọ́, èèyàn tó tó 150 ló ń jẹun lórí tábìlì ẹ̀, síbẹ̀ kò béèrè owó oúnjẹ gómìnà. Ìdí tó sọ ni ìbẹ̀rù Ọlọ́run, ó sì ní ẹrù ti wúwo jù lórí àwọn èèyàn yẹn. Kò sẹ́ni tó sọ pé kó má gbà á. Ó wo ẹ̀yìn àwọn tó máa ru ẹrù náà, ó rí i pé ó ti tẹ̀.

Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ Rèhóbóámù, ọmọ Ọba Sólómọ́nì, nínú Àwọn Ọba Kìíní orí 12. Àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ní kó bá àwọn mú kí àjàgà tí bàbá ẹ̀ gbé kọ́ àwọn lọ́rùn fúyẹ́. Àwọn àgbà sọ fún un pé tó bá lè ṣe ìránṣẹ́ fún àwọn èèyàn yìí lónìí, wọ́n á máa sìn ín títí lọ. Àwọn tí wọ́n jọ dàgbà ní rárá o, kó sọ fún wọn pé ìka òun kékeré nípọn ju ìbàdí bàbá òun lọ, tí bàbá òun bá fi pàṣán nà wọ́n, àkekèé lòun máa fi nà wọ́n. Ó tẹ̀ lé tàwọn ojúgbà ẹ̀. Ẹ̀yà mẹ́wàá lọ. Mo máa ń ronú nípa àwọn àgbà yẹn, wọ́n ti wà lọ́dọ̀ Sólómọ́nì, wọ́n ti rí ààfin nígbà tó ń tàn, bẹ́ẹ̀ ìmọ̀ràn tí wọ́n gbé jáde ni pé kí ọba di ìránṣẹ́. Yorùbá náà sọ pé àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá ẹ̀ délé. Kò sí ọ̀dọ́ tó máa bá a rù ú.

Ẹ jẹ́ n padà sí ṣọ́ọ̀bù, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ yìí ti ń bá mi jà jù.

Nínú iṣẹ́ aṣọ rírán, gígé ni agbára wà. Rírán, tí ọmọ bá lè fẹsẹ̀ tẹ màṣíìnì kí ojú ìlà má wọ́, ó ti ń mọ̀ ọ́n nìyẹn. Àmọ́ kí wọ́n wọn èèyàn, kí wọ́n wo yáàdì mélòó ló wà nílẹ̀, kí wọ́n mọ ibi tí wọ́n á fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí kí wọ́n tó ki àlùmọ́gàjí bọ aṣọ olówó iyebíye, ibẹ̀ ni ọ̀gá ti ń jẹ́ ọ̀gá. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ló sì máa ń fi pamọ́. Ọmọ iṣẹ́ á máa pa etí aṣọ, á máa já òwú, á máa lọ aṣọ, á máa lọ mú ọmọ ọ̀gá nílé ìwé, á pọnmi, tó bá wá di àsìkò tí ọ̀gá fẹ́ gé aṣọ báyìí, "Lọ bá mi ra sípù wá." Kó tó dé, wọ́n ti gé e tán. Ọdún á máa yí lu ọdún, á gba frídọ̀mù, á gbé fọ́tò ẹ̀ kọ́ ògiri, kò sì lè dá gé búláòsì kó wọ ọrùn èèyàn. Ohun tó fà á ò ju ẹ̀rù lọ: tí ọmọ yìí bá mọ̀ ọ́n tán, á lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù sí òdì-kejì títì, á kó kọ́tọ́mà mi lọ.

Ẹ̀rù yẹn kì í ṣe ohun kékeré, mi ò ní fojú tín-ín-rín ẹ̀, torí owó ilé ìwé ọmọ ń bẹ nílẹ̀, rẹ́ǹtì ń bẹ nílẹ̀, ẹni tó sì ti jìyà kó tó mọṣẹ́ máa ń rò ó pé ó yẹ kẹ́lòmíì náà jìyà díẹ̀. Àmọ́ Jésù tí a ń tẹ̀ lé sọ nínú Jòhánù orí 14 pé ẹni tó bá gba òun gbọ́ máa ṣe iṣẹ́ tí òun ń ṣe, á tún ṣe èyí tó tóbi jù ú lọ. Ọ̀gá wo ló máa sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ iṣẹ́? Àti pé kò dúró dìgbà tó fẹ́ kúrò láyé, ó ti rán wọn jáde ní méjì-méjì nígbà tí wọn ò tíì mọ̀ ọ́n dáadáa pàápàá.

Torí náà àárín ṣọ́ọ̀bù ni mo gbé tábìlì ìgéṣọ mi sí. Tí mo bá fẹ́ gé aṣọ, gbogbo wọn á dìde wá, ẹni tó ń rán aṣọ á fi sílẹ̀ ná. Bébà sìmẹ́ńtì tí a ń tọrọ lọ́wọ́ àwọn bíríkìlà la fi ń kọ́ gígé, ó le, kì í tètè ya, a lè gé e ká tún ìlà ẹ̀ fà. Iṣẹ́ ń falẹ̀ díẹ̀ torí ẹ̀, òótọ́ ni, kọ́tọ́mà míì sì máa ń kanra pé kí ló dé tí gbogbo yín pé lé aṣọ mi lórí. Mo gbà pé ìwẹsẹ̀ tèmi nìyẹn, ju pé kí n wẹ ẹsẹ̀ wọn gangan lọ.

Torí ká sọ òótọ́, nílẹ̀ Yorùbá, ìwẹsẹ̀ gangan ṣòro ju bí àwọn òyìnbó tó ń kọ ìwé nípa ẹ̀ ṣe rò lọ. Pétérù ní, "Ẹ ò ní wẹ ẹsẹ̀ mi láéláé," gbogbo ọmọ Yorùbá tó bá kà á ló máa dúró sẹ́yìn Pétérù! Ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa ò ní jókòó kí àgbà máa wẹ ẹsẹ̀ fún un. Ohun míì tún wà ńbẹ̀. Tí àgbà bá ṣàdédé gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ ọmọdé lọ́dọ̀ wa, tó dákẹ́, tó ń gbálẹ̀, kì í ṣe ìfẹ́ lọmọ yẹn máa kà á sí. Ìbáwí ni. Ó túmọ̀ sí pé ọ̀lẹ ni ẹ́, mo ti rí i, mo wá fi ń tì ẹ́ lójú. Ọmọ á sáré wá, á dọ̀bálẹ̀ tàbí kó kúnlẹ̀, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ n gbá a, ẹ má bínú." Ọ̀gá tó kàn ń já ìgbálẹ̀ gbà kiri pé òun ń sìn lè máa fi dẹ́rù ba àwọn èèyàn láìmọ̀.

Ẹsẹ kẹtàlá nínú Jòhánù orí 13 yẹn ló tú u fún mi. Lẹ́yìn tí Jésù ti wẹ ẹsẹ̀ wọn tán, ó ní ẹ̀ ń pè mí ní Olùkọ́ni àti Olúwa, ó dáa bẹ́ẹ̀, torí bẹ́ẹ̀ ni mo jẹ́. Kò ní kí wọ́n má pe òun bẹ́ẹ̀ mọ́. Torí náà kí ọmọ iṣẹ́ máa kúnlẹ̀ kí mi láàárọ̀, kó máa pè mí ní ọ̀gá, kò tako ọ̀rọ̀ yìí. Ẹsẹ kẹta wá sọ ohun tó jinlẹ̀ jùyẹn: Jésù mọ̀ pé Bàbá ti fi ohun gbogbo lé òun lọ́wọ́, ó mọ ibi tóun ti wá, ó mọ ibi tóun ń lọ, òun ló ṣe dìde. Ọkàn ẹ̀ balẹ̀ nípa ẹni tó jẹ́. Ọ̀gá tí ọkàn ẹ̀ ò balẹ̀, tó ń ṣọ́ bóyá wọ́n kí òun tàbí wọn ò kí òun, ibo ló ti fẹ́ rí ọwọ́ tó máa fi sìn?

Ibi kan wà tí mo fẹ́ fi ohùn líle díẹ̀ sọ. Wọ́n máa ń wàásù ọ̀rọ̀ ìránṣẹ́ yìí fún ẹni tó ti ń ṣe ìránṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Obìnrin tó jí láago márùn-ún, tó se oúnjẹ, tó wẹ ọmọ, tó lọ ọjà, tó dé tó tún dáná, òun náà ni wọ́n máa sọ fún nípàdé ìdílé pé kó túbọ̀ rẹ ara ẹ̀ sílẹ̀. Ẹ padà lọ ka Máàkù orí 10. Ta ni Jésù ń bá wí? Jákọ́bù àti Jòhánù ló wá tọrọ àga, ọ̀kan lọ́tùn-ún ọ̀kan lósì, inú sì bí àwọn mẹ́wàá yòókù. Àwọn tó ń du àga ló sọ fún pé ẹni tó bá fẹ́ ṣe olórí kó di ìránṣẹ́ gbogbo èèyàn. Torí náà nínú ilé, olórí ilé ni kó kọ́kọ́ gbọ́ ọ, bàbá tí ẹran tó tóbi jù wà nínú àwo ẹ̀, tó jẹ́ òun nìkan ni kò gbọ́dọ̀ dìde lọ bu omi. Kó tó wá kan èmi ìyá ilé náà, torí èmi náà ní ẹni tó wà lábẹ́ mi: ọmọ ọ̀dọ̀.

Ọmọ ọ̀dọ̀ ló máa ń jẹun kẹ́yìn, òun ló máa ń sùn kẹ́yìn, tí nǹkan bá sọnù, òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ yẹ àpò ẹ̀ wò. Jóòbù, nígbà tó ń ka ìwà ara ẹ̀ níwájú Ọlọ́run ní orí 31, ó ní bí òun bá kọ ẹjọ́ ìránṣẹ́ òun lọ́kùnrin tàbí lóbìnrin nígbà tí wọ́n bá òun ní gbólóhùn asọ̀, kí lòun fẹ́ sọ nígbà tí Ọlọ́run bá dìde, ṣebí ẹni tó dá òun nínú ìyá òun náà ló dá a. Ẹ ò rí nǹkan! Ìránṣẹ́ Jóòbù lè bá Jóòbù ṣẹjọ́. Nínú ilé mélòó lọmọ ọ̀dọ̀ ti lè lanu sọ pé "Mà, ẹ rẹ́ mi jẹ níbí yìí" kí wọ́n má sì pè é ní aláfojúdi?

Nínú ìjọ, ìdí kúlà ni mo ti kẹ́kọ̀ọ́ jù. Ẹ mọ ọjọ́ ìkórè. Ìrẹsì ti délẹ̀, àwọn tó jókòó sórí àga iwájú ti jẹ, tékàwéè tiẹ̀ ti wà nínú bọ́ọ̀tù mọ́tò wọn, àwọn ìyá àgbà tí kò léèyàn nídìí oúnjẹ wá jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú ike lọ́wọ́, wọ́n ń wo ọ̀nà. Ìjọ àkọ́kọ́ ní irú wàhálà yìí gan-an. Nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 6, àwọn Júù tó ń sọ èdè Gíríìkì kùn pé wọ́n ń fo àwọn opó àwọn nígbà tí wọ́n bá ń pín oúnjẹ ojoojúmọ́. Àwọn àpọ́sítélì ò ní kí wọ́n dákẹ́, wọn ò pè wọ́n ní ẹlẹ́nu. Wọ́n ní kí ìjọ yan ọkùnrin méje, ẹ sì ka orúkọ wọn: Sítéfánù, Fílípì, Pírókórù, Níkánórù, Tímónì, Páménà, Níkóláúsì. Orúkọ Gíríìkì ni gbogbo ẹ̀! Lójú tèmi, àárín àwọn tó ń kùn gan-an ni wọ́n ti mú àwọn tó máa pín in.

Mo gbé e dé ẹgbẹ́ wa. Ìyá kan wà tó máa ń fẹjọ́ sùn lórí ọ̀rọ̀ oúnjẹ lọ́dọọdún, ọ̀rọ̀ ẹ̀ ti sú àwọn èèyàn. Mo ní kí wọ́n gbé kúlà fún un, òun àtàwọn méjì míì tó máa ń jókòó sẹ́yìn. Àwọn kan nínú àwọn olóyè ẹgbẹ́ bínú sí mi, wọ́n ní mo ti sọ àwọn di ẹni tó ń tọrọ oúnjẹ lọ́wọ́ ẹlẹ́jọ́. Àmọ́ láti ẹ̀yìn ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í pín in lọ́jọ́ yẹn, ìrẹsì dé ọ̀dọ̀ gbogbo èèyàn, iwájú náà rí jẹ, kàn jẹ́ pé tékàwéè ò sí. Ẹ̀tọ́ tí àwa olóyè gbé sílẹ̀ ò ju tékàwéè lọ, ẹ wo bó ṣe dùn wọ́n tó.

Kì í ṣe pé kí ọ̀gá wá di ẹni tí wọ́n ń gùn bí ẹṣin o. Jésù tó wẹ ẹsẹ̀ Pétérù ti bá Pétérù wí gidi rí, níwájú gbogbo wọn. Lọ́dọ̀ mi, ọmọ tó bá yọ́ gé lára aṣọ kọ́tọ́mà pa mọ́, mi ò ní fọwọ́ pa á lórí, màá pe àwọn òbí ẹ̀, màá sì ní kó máa lọ sílé ná. Kọ́tọ́mà náà wà lábẹ́ àbójútó mi. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀gá tó ń fi gbogbo ara ẹ̀ ṣiṣẹ́ gbogbo èèyàn, tí kò lè gbé nǹkankan lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, Jẹ́tírò, bàbá ìyàwó Mósè, ti bá Mósè sọ èyí nínú Ẹ́kísódù orí 18, ó ní ohun tó ń ṣe yẹn ò dáa, á rẹ Mósè fúnra ẹ̀, á sì rẹ àwọn èèyàn náà.

Ohun tó wà níwájú mi báyìí ni ọ̀rọ̀ frídọ̀mù. Ẹni tó bá mọ ṣọ́ọ̀bù aránṣọ á mọ ohun tí mò ń sọ: ọmọ ti mọṣẹ́, ọdún ẹ̀ ti pé, àmọ́ kò lè lọ torí owó frídọ̀mù, kéréètì míníràà, ìrẹsì, owó ẹgbẹ́, owó ọ̀gá, aṣọ tí ọ̀gá máa wọ̀ lọ́jọ́ náà. Àwọn míì á tún lo ọdún kan gbáko ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá láìgbowó, wọ́n ń ṣa owó yẹn jọ. Ti ẹgbẹ́, mi ò lè yí i padà lémi nìkan, mo ti sọ ọ́ nípàdé, a ṣì ń fà á. Àmọ́ owó ọ̀gá, tèmi ni, torí náà mo ti ní kí àwọn tèmi má san án mọ́, mo sì ní aṣọ tí mo ní nílé ni màá wọ̀. Èyí tó kàn báyìí ti rí ṣọ́ọ̀bù, títì kan náà tí mo wà ni, kò jìnnà sí mi rárá. A ti jọ lọ wò ó. Ó fẹ́ ti tábìlì ìgéṣọ mọ́ ògiri lẹ́yìn kí àyè lè ṣí sílẹ̀ fún kọ́tọ́mà níwájú, mo ní kó gbé e sáàárín, torí òun náà máa gba ọmọ iṣẹ́.